Ẹni Tó Gbé Iṣẹ́ Rẹ̀ Rìn: Ṣé Ká Pa Orúkọ Rẹ̀ Rẹ́ Nínú Ìwé Ẹgbẹ́?

Mo kí ẹ̀yin tí ẹ san owó oṣù yìí kí ọjọ́ tó pé. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì san, mo kí ẹ̀yin náà, ṣùgbọ́n ìkíni tiyín kò gùn tó tiwọn.

Gbogbo ẹni tó wà ní ìpàdé wa tó kọjá ló mọ ibi tí ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa obìnrin, ẹni tó ti ń bá wa dá owó láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn tí kò jẹ gbèsè rí, kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ pé òun fẹ́ gba gbogbo owó òun, àti owó ìfipamọ́ àti owó ìpín. Ìdí tó sọ ni pé òun ń bá ilé-iṣẹ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwé owó wọn láti orí kọ̀ǹpútà, òun kò sì ní jókòó sójú kan mọ́. Ó fẹ́ kó jáde nílé tó háyà, kó ta fìríìjì, kó ta àga, kó gbé báàgì méjì àti kọ̀ǹpútà alágbèéká, kó máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn: oṣù mélòó kan ní Kútọnú, oṣù mélòó kan ní Accra, lẹ́yìn náà ó di Cape Verde, lẹ́yìn ìyẹn, Ọlọ́run ló mọ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì ti jáde ilé-ìwé.

Bàbá kan dìde, ó ní kí ni ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́ta ọdún ń wá kiri bí ọmọ tí kò nílé. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n fún un lówó rẹ̀ kó máa lọ, pé ẹni tí kò bá ti lè wá sípàdé kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní tó bá jẹ́ àwọn ni, ilẹ̀ kò ní mọ́ bá wọn. Ìpàdé tú láìfẹnukò, alága sì ní kí oníkálukú lọ rò ó wò. Èmi ti rò ó. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ alága láti kọ ohun tí mo rò síbí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé èrò tèmi ni, kì í ṣe ti ìgbìmọ̀.

Ohun tí mo rò ni pé kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa lọ, kí orúkọ rẹ̀ dúró. Kí ẹgbẹ́ má yọ ọ́ kúrò, kí òun náà má sì kó gbogbo owó rẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá àwọn àgbà sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ló ní irú èyí kò sí láyé àtijọ́. Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ dákun, níbo lẹ ti gbọ́ ọ pé Yorùbá kì í gbé iṣẹ́ rìn? Ta ni wọ́n ń pè ní alájàpá? Ṣebí ìyá tó ń ti ọjà oko kan bọ́ sí òmíràn, tó ń ra gààrí, ẹ̀wà àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó wá sí ìgboro ni. (Ẹ má fi alájàpá wé "jápa" táwọn ọmọ ìsinsìnyí ń sọ lẹ́nu o. Ẹni tó jápa, ó sá lọ ni. Alájàpá ń lọ, ó sì ń bọ̀. Obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, alájàpá ni mo pè é.)

Àwọn Ìjẹ̀ṣà ńkọ́? Ẹni tó bá gbọ́njú nílẹ̀ yìí kó tó di nǹkan bí ọdún 1950 mọ òṣómàáló. Aṣọ ni wọ́n ń tà. Wọ́n á di í lẹ́rù, wọ́n á wọ abúlé dé abúlé. Nígbà tó yá, kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ ẹrù ló ń gbé wọn. Wọ́n á tà á ní àwìn, wọ́n á sì máa padà wá gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ san, òṣómàáló á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á ní òun kò ní dìde títí owó òun yóò fi pé. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Kì í ṣe ọmọdé nìkan ló ń ṣe òwò yìí. Baálé ilé ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì ń pẹ́ níbi tí wọ́n bá lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe o. Ìlú onílùú ni wọ́n ti ń pa owó, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ń kọ́lé sí. Wọn kì í jẹ́ kí àyè wọn ṣófo nílé.

Ohun tí kò sí láyé àtijọ́ ni pé iṣẹ́ lè wà ní ìlú kan kí ẹni tó ń ṣe é wà ní òmíràn. Òṣómàáló gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọ̀nà kó tó ta aṣọ. Lónìí, ẹni tó ń ṣírò owó, ẹni tó ń dáhùn ẹjọ́ àwọn oníbàárà, ẹni tó ń túmọ̀ ìwé, ẹni tó ń kọ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London tàbí Houston ní èdè baba rẹ̀, gbogbo wọn lè ṣe iṣẹ́ wọn níbikíbi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà. Àrùn Kòrónà ló la ojú ọ̀pọ̀ èèyàn sí i. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ìlú Èkó àti Àbújá pa ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ti ń sọ pé iṣẹ́ kò lè ṣeé ṣe láìwá sí ófíìsì rí i pé ó ṣeé ṣe láti orí àga pálọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lókè òkun. Nígbà tí ilẹ̀kùn sì ṣí padà, púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ kò fẹ́ padà sí ófíìsì mọ́. Àwọn ọ̀gá kan gbà, àwọn mìíràn pe èèyàn wọn padà tipátipá.

Ọ̀rọ̀ náírà tún wá dá kún un. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba jọ̀wọ́ owó wa sílẹ̀ lọ́jà, nǹkan bí náírà 470 ni dọ́là kan ní bánkì kó tó di ọjọ́ náà. Kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá náírà 1,500. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń ra ọjà òkèèrè, ẹ mọ ohun tí ìyẹn ṣe fún yín. Àmọ́ ẹni tó ń gba owó rẹ̀ ní dọ́là tàbí pọ́n-ùn, ohun tó ba tiyín jẹ́ ló tún tirẹ̀ ṣe. Mi ò sọ ọ́ kí inú lè bí yín. Mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ìrìnkurìn ló mú obìnrin yìí, ìṣirò ni. Akọ̀wé owó ni, ẹ má gbàgbé.

Kí wá ni mo fẹ́ bá òun náà sọ, àti ẹ̀yin yòókù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ ní kọ̀rọ̀? Nítorí mo mọ̀ pé ó ju ẹyọ kan lọ. Láti ọjọ́ ìpàdé yẹn, èèyàn mẹ́rin ló ti wá bi mí ní ìdákọ́ńkọ́ pé báwo lèèyàn ṣe ń gba owó ìpín, kò sì sí ẹni tó tíì pé ọdún márùnléláàádọ́ta nínú wọn.

Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, ọjọ́ ti kanrí fún un, kò sì tíì rọlẹ̀. Ìgbà yẹn dára fún irú iṣẹ́ yìí ju bí àwọn ọmọdé ti rò lọ. Ọmọ ọdún méjìlélógún tó ní kọ̀ǹpútà kò ní ẹni tó lè jẹ́rìí sí i. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ti ní ogún ọdún tó fi ṣiṣẹ́, ó ti ní ọ̀gá tó lè sọ pé mo mọ̀ ọ́n, kì í purọ́, kì í jí owó. Ilé-iṣẹ́ tí kò ní rí ojú rẹ ní òwúrọ̀, ìwà ló ń wá ju ìwé ẹ̀rí lọ. Àwọn ọmọ sì ti ń bọ́ lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni.

Àmọ́ ẹrù tó wà lórí ẹni ogójì ọdún kò sí lórí ọmọdé. Ọmọdé lè sùn sórí bẹ́ńṣì ní gáréèjì kí ó jí kó máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ẹni àádọ́ta ọdún kò gba ìyẹn. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ nínú báàgì, awò ojú ń bẹ, orúkún ń dún. Bí òògùn bá tán ní ìlú tí wọn kì í ti í sọ èdè wa, tí orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ sì yàtọ̀, ọ̀rọ̀ di kí la ó ti ṣe é. Kí ẹni tó ń lọ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà rẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ òògùn náà gan-an síbẹ̀, kì í ṣe orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é nìkan, kó sì gbé ti oṣù mẹ́ta dání.

Èyí tó tún wúwo jù ni àwọn òbí. Ẹni ogún ọdún, òbí rẹ̀ lágbára. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, bí Ọlọ́run bá dá ìyá rẹ̀ sí, ìyá náà ti tó ẹni tí wọ́n ń dì mú bó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí, mi ò ní purọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò wu èmi náà. Ó máa ń wù mí gan-an ní ọjọ́ tí iná bá lọ tí ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ sì wà níwájú mi. Ṣùgbọ́n màmá mi ń bẹ lọ́dọ̀ mi, èmi ni mò ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Tọ́sìdeé. Èmi kò lè lọ nísinsìnyí, ó tán. Kí oníkálukú wo ilé tirẹ̀. Ẹni tó bá ní àbúrò tó ṣeé gbọ́kàn lé, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sọ iye tí ẹni tó ń lọ yóò máa fi ránṣẹ́ lóṣooṣù àti ọjọ́ tí yóò máa dé. Ìlérí pé "màá máa fi nǹkan ránṣẹ́" kò tó ra òògùn.

Ní ti ìjọba àwọn ìlú tí wọ́n ń lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ. Ilẹ̀ wà tó ti ṣe físà fún irú òṣìṣẹ́ báyìí. Estonia ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2020, Barbados náà ṣe tirẹ̀ ní ọdún kan náà, Croatia tẹ̀lé e ní 2021, Portugal àti Namibia ní 2022. Orúkọ wọn dùn-ún gbọ́, àmọ́ ẹ gbọ́ iye. Nígbà tí Barbados bẹ̀rẹ̀, ó ní kí ẹni tó ń bọ̀ máa gba ó kéré tán 50,000 dọ́là Amẹ́ríkà lọ́dún, kó sì tún san 2,000 dọ́là fún ìwé nìkan. Portugal ní ìlọ́po mẹ́rin owó oṣù tó kéré jù lọ nílẹ̀ tiwọn. Namibia ní 2,000 dọ́là lóṣù. Mélòó nínú wa ló ń rí ìyẹn? Lọ́dọ̀ tiwa níbí ni ọ̀nà tó rọrùn wà: láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé kí ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì kó sì lo ọjọ́ 90 láìgba físà. Nítorí náà, ètò tí obìnrin wa ṣe kò burú. Àmọ́ ọjọ́ 90 ni wọ́n wí, wọn kò wí pé títí ayé. Bí ó bá pé, kí èèyàn lọ gba ìwé ìgbélùú tàbí kó máa bọ̀. Kó má sì gbàgbé owó orí: òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2026 ka owó tí ẹni tó ń gbé Nàìjíríà pa lókè òkun mọ́ owó tó pa nílé.

Iṣẹ́ náà pàápàá, ẹni tí kò tíì ṣe é rí ló ń rò pé ìgbafẹ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ará New York ló gbà ọ́ síṣẹ́, aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ tiwọn, aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa, bí ìgbà ọdún bá ti rí. Ìgbà tí wọ́n bá máa ṣíwọ́ ní aago márùn-ún, tìrẹ ti di mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá alẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà ńláńlá tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló sì fẹsẹ̀ dá dúró, àní títí kan bánkì. Oníṣòwò lè tajà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú wáyà, ó di kó jókòó kó máa wo ògiri, bí ọ̀gá rẹ̀ kò bá sì lóye, iṣẹ́ lè bọ́.

Èyí ni mo fi ń sọ pé kó má kó gbogbo owó rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ìnísà, Ọ̀fà, Ṣakí àti Ìlọrin, ẹ mọ̀tàn Gáná jù mí lọ, torí ọ̀pọ̀ nínú bàbá àti ìyá yín ló gbé ibẹ̀. Wọ́n ti wà níbẹ̀ pẹ́, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ ń sọ Twi ju Yorùbá lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia kéde pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó kúrò nílẹ̀ wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ọjà tí èèyàn fi ogún ọdún kó jọ, ẹ̀dínwó ni wọ́n fi ń tà á. Àwìn tó wà níta kò wọlé mọ́. Àwọn tó ti ń fi owó ránṣẹ́ sílé, tí wọ́n ti kọ́ yàrá méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀, wọ́n délé wọ́n sì rí ibi sùn. Àwọn tí gbogbo ohun tí wọ́n ní wà nínú ṣọ́ọ̀bù Kumasi, ọ̀dọ̀ ẹbí ni wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹní. Mi ò sọ pé ìjọba Benin tàbí ti Gáná yóò lé ẹnikẹ́ni lónìí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìlú onílùú ló ni òfin rẹ̀, ọ̀gá iṣẹ́ tí o kò rí rí ló sì ni iṣẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì lè yí ọkàn padà kí oṣù tó parí.

Ibì kan gbọ́dọ̀ wà tí orúkọ èèyàn kì í ti í kúrò. Fún obìnrin yìí tó ń jáde nílé tó háyà tó sì ń ta àga rẹ̀, ẹ sọ fún mi, ibo ló kù bí kì í bá ṣe ìwé ẹgbẹ́ wa?

Mo kọjú sí ẹ̀yin tí ẹ ní kó máa lọ wàyí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu bà ní ìpàdé, gbogbo ariwo tí a pa náà. Obìnrin yìí ni onígbọ̀wọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ wa méjì, oníṣòwò ni àwọn méjèèjì, ẹ̀yáwó wọn kò sì tíì tán. Bí a bá kó owó rẹ̀ fún un lónìí, kí ló kù tó di ẹ̀yáwó wọn mú? Ìwé òfin wa sọ ọ́ kedere pé onígbọ̀wọ́ kò lè gba owó rẹ̀ tán nígbà tí gbèsè tó fọwọ́ sí ṣì wà nílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń pariwo pé "ẹ fún un kó máa lọ" ń pariwo lòdì sí òfin tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ka sí.

Ẹ tún jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Ibo ni owó tí ẹgbẹ́ ń yá oníṣòwò ti ń wá? Kò jábọ́ láti ọ̀run. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fi pamọ́ tí kì í yá ló ti ń wá. Ká ní ẹnì kan ní 1,800,000 náírà nínú ẹgbẹ́, oníṣòwò mẹ́fà ló lè ti ara ìyẹn gba 300,000 náírà lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi rajà ọdún. Bí a bá lé ẹni náà lọ, oníṣòwò mẹ́fà ló máa wá sọ́dọ̀ akọ̀wé ní oṣù Kejìlá tí akọ̀wé yóò sì ní kò sí. Èmi ni akọ̀wé ọ̀hún, èmi ló máa gba èébú. Láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn olówó oṣù ti ń dín kù láàárín wa. Àwọn tó lọ sí Kánádà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a yọ orúkọ wọn nítorí pé wọn kò wá sípàdé mẹ́ta léraléra. Wọ́n ṣe tán láti máa san, àwa la kọ̀ ọ́. Kí la rí jẹ níbẹ̀?

Òfin ìpàdé mẹ́ta yìí, mi ò bẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ṣe é. Nígbà yẹn, kò sí ọ̀nà mìíràn tí a fi lè mọ̀ pé ẹnì kan ṣì wà láyé ju kí a rí i níjokòó lọ. Owó náà, ọwọ́ sí ọwọ́ ni. Lónìí, ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sí ọjà Bódìjà àti Gbági gan-an, ọ̀pọ̀ yín kì í gbé owó wá sípàdé mọ́, orí fóònù lẹ ti ń fi í ránṣẹ́. Ẹ ya fọ́tò aṣọ, ẹ gbé e sórí WhatsApp, oníbàárà ní Kánò tàbí Pọ́táákọ́tù sanwó, ẹ di aṣọ lé awakọ̀ lọ́wọ́ ní gáréèjì. Oníbàárà kò rí yín rí. Ṣé ẹ rí i pé ẹ̀yin náà ń ṣe é?

Ohun tí màá fi síwájú ìpàdé nìyí. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ máa rìnrìn àjò pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀ kọ̀wé, kó sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, kó sì mú ẹ̀rí rẹ̀ wá. Kí owó rẹ̀ máa wọlé kó tó di ọjọ́ keje oṣù. Kó pe akọ̀wé lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí a gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́tà nìkan kò tó, ẹnikẹ́ni lè kọ lẹ́tà. Kó wá sílé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí ìpàdé gbogbogbò tó dé, kó wo ìwé rẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Kí orúkọ ẹni tí yóò gba owó rẹ̀ bí ọlọ́jọ́ bá dé wà nínú ìwé wa, kí ẹni náà sì ti wá fojú hàn wá. Owó ìpín kò ní kúrò. Nínú owó ìfipamọ́, kó lè gba tó ìdajì láti fi bẹ̀rẹ̀ ìrìn, bí kò bá sí gbèsè tó dúró fún. Kò ní lè di ipò mú nínú ìgbìmọ̀, torí ipò fẹ́ ẹni tó wà nílé.

Ibì kan ṣoṣo ni mo ti le, mo sì mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kò ní fẹ́ ẹ. Kí ẹgbẹ́ má yá ẹni tó wà lójú ọ̀nà ní owó tó ju ohun tó ní nínú ìfipamọ́ lọ, kí ó má sì lè fi ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn ṣe onígbọ̀wọ́. Àwa tó jókòó, bí a bá jẹ gbèsè, wọ́n mọ ilé wa, wọ́n mọ ìsọ̀ wa. Ìyá alátà tó fọwọ́ sí ẹ̀yáwó ẹni tó wà ní Cape Verde, ibo ló ti fẹ́ lọ lóṣòó? Ẹ rántí òṣómàáló: ó mọ ẹnu ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Mo ti bá obìnrin náà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìpàdé. Kò ṣèlérí ohunkóhun, ó ní òun yóò gbọ́ ohun tí ẹgbẹ́ bá sọ. Ó bi mí bóyá wọ́n lè jẹ́ kí òun máa bá wa yẹ ìwé owó wa wò láti ibi tí òun bá wà, lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ parí èyí tó wà nílẹ̀.

Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀ ni ìpàdé, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, níbi tí a ti máa ń ṣe é. Ìbò la máa dì lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà kí ẹ mú káàdì yín dání. Káàdì mẹ́tàdínlógún ṣì wà lọ́wọ́ mi tí àwọn tó ni wọ́n kò tíì wá gbà. Ẹ̀yin méjì tí obìnrin náà ṣe onígbọ̀wọ́ fún, ẹ mọ ara yín, mi ò ní dárúkọ yín síbí. Ẹ yọjú sí mi kí ọjọ́ náà tó pé, kí ẹ mú ẹlòmíràn tó lè fọwọ́ síwèé fún yín wá, tàbí kí ẹ mú owó wá.